Ẹ̀rí Tí Kò Ní Ẹlẹ́rìí: Lámèyítọ́ lórí Àwòrán Kọ̀ǹpútà àti Àwòrán Ojúlówó

Ìfáàrà

Ní oṣù keje ọdún 2019 ni ilé-iṣẹ́ Disney gbé fíìmù The Lion King tuntun jáde. Jon Favreau ni olùdarí rẹ̀. Kìnnìún, ìkookò, koríko, omi àti eruku inú fíìmù náà jọ èyí tí a máa ń rí nínú fíìmù àwọn tí ń ya ẹranko ìgbẹ́ ní àwòrán, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni pé ẹranko ẹlẹ́mìí ni ó ṣe eré náà, láti yà á sọ́tọ̀ fún ti ọdún 1994 tí a fi ọwọ́ yà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹranko kankan tí ó dúró níwájú kámẹ́rà. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣẹ̀dá wọn. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde, Favreau kéde pé ṣọ́ọ̀tì 1,490 ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe (ohun tí kámẹ́rà yà láìdánudúró ni a ń pè ní ṣọ́ọ̀tì nínú iṣẹ́ yìí). Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ni òun dọ́gbọ́n fi sí àárín wọn tí ó jẹ́ pé kámẹ́rà gidi ni ó yà á ní ilẹ̀ Áfíríkà, kí òun lè mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni yóò fura. Ṣọ́ọ̀tì yìí ni ó ṣí fíìmù náà, níbi tí oòrùn ti ń yọ.

Ọ̀rọ̀ yìí yí ìbéèrè tí a mọ̀ dorí kodò. Ohun tí a sábà máa ń bèèrè ni pé, èwo ni ayédèrú nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí? Favreau bèèrè òdìkejì rẹ̀: èwo ni ojúlówó? Àwọn òǹwòran kárí ayé ti wo oòrùn náà kọjá kí ó tó la ẹnu rẹ̀. Bí ojú bá kùnà láti dá ayédèrú mọ̀, a lè sọ pé ẹni tí ó ṣe ayédèrú náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ojú bá kùnà láti dá ojúlówó mọ̀ nígbà tí ojúlówó wà níwájú rẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bóyá ojú ni ó yẹ kí a gbé ẹjọ́ náà tọ̀ lọ. Èrò tí iṣẹ́ yìí fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ohun tí ó ya àwòrán kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀ fún àwòrán tí a yà níbi ìṣẹ̀lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí lára àwòrán mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dúró níbi ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni ó wà. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ sì ti ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣàlàyé èyí.

Àwọn àmì tí ojú gbẹ́kẹ̀ lé

Kí ó má bàa dà bí ẹni pé a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ ojú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mọ̀ ọ́n ṣe. Nínú Jurassic Park ti ọdún 1993, òru àti òjò ni ó bo ìran tí ẹranko ńlá tyrannosaurus ti kọ́kọ́ jáde, ojú kò sì ráyè yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ní ọdún 2001, Final Fantasy: The Spirits Within gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà ṣe ènìyàn látòkè délẹ̀. Irun orí Aki Ross, tí ó jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn, ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí irun gidi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí ojú ère. Masahiro Mori, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan, ti kọ̀wé nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1970. Ó ní bí ẹ̀rọ bá ṣe ń jọ ènìyàn sí i ni ọkàn wa yóò máa fà mọ́ ọn, àfi ìgbà tí ó bá ku díẹ̀ kí ó jọ ọ́ tán. Níbẹ̀ ni ara wa yóò ti bù rìrì.

Ìbùrìrì ara yìí ni ọ̀pọ̀ òǹwòran fi ṣe òṣùwọ̀n fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ náà kò sùn. Ní ọdún 2001 kan náà, Henrik Wann Jensen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àlàyé bí a ṣe lè ṣírò ìmọ́lẹ̀ tí ó wọ inú awọ lọ, tí ó tàn káàkiri lábẹ́ rẹ̀ kí ó tó jáde padà. Irú ìmọ́lẹ̀ yìí ni ó ń mú kí etí ènìyàn pọ́n nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀nà ìṣirò yìí ṣe ń tàn kálẹ̀, awọ inú àwòrán kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ sí ike. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń tún àwọn àmì yòókù ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹsẹ̀ tí kò ní ìwúwo lórí ilẹ̀, òjìji tí kò bá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá mu, irun tí ó lẹ̀ pọ̀, omi tí ń ṣàn bí òróró. Nígbà tí OpenAI fi Sora han aráyé ní oṣù kejì ọdún 2024, tí gbólóhùn lásán sì tó láti mú fídíò jáde, ẹsẹ̀ tí ń gba ipò ara wọn bí ènìyàn ṣe ń rìn wà lára ohun tí àwọn ènìyàn tọ́ka sí. Àmì tí a fi ń mọ ayédèrú lọ́dún kan ni iṣẹ́ àtúnṣe ọdún kejì. Olùkọ́ tí ó bá fi irú àmì bẹ́ẹ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin yóò rí i pé òfin náà kì í pẹ́ gbó.

Kámẹ́rà ni wọ́n ń sín jẹ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò mú ọ̀bọ yóò ṣe bí ọ̀bọ. Ọ̀bọ wo wá ni àwọn oníṣẹ́ The Lion King fẹ́ mú? Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé kìnnìún ni. Ìdáhùn yìí kò tó. Lóòótọ́, wọ́n lọ sí Kenya láti wo ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti ẹranko. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà dé Los Angeles, wọ́n kọ́ ilẹ̀ Áfíríkà kan sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń lo jígí tí ó ń mú kí ẹni tí ó bá dè é mójú rí ara rẹ̀ bí ẹni tí ó wà nínú ilẹ̀ náà. Caleb Deschanel, tí ó ti fi kámẹ́rà gidi ṣiṣẹ́ nínú fíìmù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ kámẹ́rà. Kámẹ́rà inú kọ̀ǹpútà kò ní ìwúwo, ó sì lè gba ibi tí ó wù ú kọjá. Síbẹ̀, wọ́n gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà kà àti kẹ̀kẹ́ tí ń yí lórí irin wá sínú gbọ̀ngàn tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, wọ́n so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà, kí kámẹ́rà tí kò sí náà lè máa rìn bí èyí tí ọwọ́ ènìyàn ń tì.

Kókó ọ̀rọ̀ wà níhìn-ín. Ohun tí àwòrán náà jọ ni fíìmù nípa kìnnìún, kì í ṣe kìnnìún fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa òǹwòran, títí kan àwa tí a bí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kò rí kìnnìún rí àfi nínú fíìmù tàbí ní ọgbà ẹranko. Fíìmù ni a fi ń ṣe òṣùwọ̀n fún fíìmù. Bí oòrùn bá fọ́n ìmọ́lẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ sójú dígí kámẹ́rà, bí ẹ̀yìn bá ṣe bàìbàì nígbà tí iwájú mọ́ kedere, bí ohun tí ń sáré bá fa ìrù lẹ́yìn ara rẹ̀, a ó ní ó jọ gidi. Bẹ́ẹ̀ ojú lásán kì í rí nǹkan báyìí nínú igbó. Àléébù kámẹ́rà ni wọ́n, àléébù yìí gan-an ni wọ́n sì ṣírò sínú àwòrán kí a lè gbà á gbọ́.

Ìpinnu yìí ṣe àkóbá fún ìtàn náà. Kìnnìún gidi kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í sunkún. Ní ọdún 1994, ayàwòrán lè fa ìpéǹpéjú Simba sókè kí ìbànújẹ́ hàn ní ojú rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ní ọdún 2019, ojú ọmọ kìnnìún náà dúró gbagidi, ohùn òṣèré nìkan ni ó ń ké. Àwọn tí ń ṣe lámèyítọ́ ère ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ìṣòro yìí. Nígbà tí Robert Farris Thompson tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ìmọ̀ wọn jáde ní ọdún 1973, ó to jíjọra mọ́ àwọn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ère tí ó dára: kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ẹnì kan pàtó jù, kí ó má sì jìnnà sí ènìyàn jù. Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n gba jíjọra kọjá ààlà yìí nínú àkó, ère tí wọ́n ń ṣe fún ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n ń wọ aṣọ fún, tí ó sì gbọ́dọ̀ jọ olóògbé gan-an. Síbẹ̀, àkó kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo ìlú ni ó mọ̀ pé ère ni, wọ́n mọ ìdílé tí ó ṣe é, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Jíjọra kò léwu níbi tí a bá ti mọ ẹni tí ó ni àwòrán àti ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

Àléébù tí ó di ẹ̀rí

Nínú ilé sinimá, ẹni tí ó sanwó wọlé mọ̀ pé ìtàn ni òun fẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí irú àwòrán kan náà bá jáde nínú ìròyìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ITV ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò kan jáde lórí àjọṣe Gaddafi ti Líbíà pẹ̀lú ẹgbẹ́ ológun IRA ní Ireland. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fi hẹlikọ́pítà kan tí ìbọn bà hàn, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé fíìmù IRA ti ọdún 1988 ni. Inú eré kọ̀ǹpútà Arma 2, tí ó jáde ní ọdún 2009, ni àwòrán náà ti wá. ITV ṣàlàyé pé ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 1988 náà wáyé lóòótọ́, pé àwòrán tí ó yẹ kí àwọn lò kọ́ ni àwọn mú. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, Ofcom tí ń ṣe àbójútó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ dá wọn lẹ́bi pé wọ́n ṣi àwọn òǹwòran lọ́nà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, iléeṣẹ́ ètò ààbò Rọ́ṣíà gbé àwọn àwòrán jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tí kò ṣeé jiyàn pé Amẹ́ríkà ń ran àwọn ọmọ ogun Islamic State lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn wá láti inú eré tí a ń ṣe lórí fóònù. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan ni ó ṣe àṣìṣe náà.

Kì í ṣe àìmọ̀wé ni ó fa èyí. Iléeṣẹ́ ńlá ni àwọn méjèèjì, wọ́n ní òṣìṣẹ́, wọ́n ní irinṣẹ́, wọ́n sì ní àkókò láti yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn tí wọ́n ṣe eré Arma, Bohemia Interactive ti ìlú Prague, fi àlàyé síta nítorí pé àwọn ènìyàn ń fi fídíò inú Arma 3 ṣe àwòrán ogun Ukraine àti àwọn ogun mìíràn. Wọ́n ní irú fídíò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣe bàìbàì, ó máa ń gbọ̀n, òru ni ó sábà máa ń jẹ́, kì í sábà ní ohùn, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a rí ènìyàn tí ń rìn nínú rẹ̀. Àlàyé náà wúlò, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà látinú ni ó sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ kà á. Ẹni tí ń sá fún bọ́ǹbù ní òru, tí fóònù rẹ̀ kò ṣe gidi, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, irú fídíò wo ni yóò yà? Bàìbàì ni yóò jẹ́, yóò gbọ̀n, òru ni yóò jẹ́, ènìyàn yóò sì ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀. Àmì tí a kà sílẹ̀ fún ayédèrú ni àmì tí ń bẹ lára ojúlówó. Ìdí tí ayédèrú sì fi gbé wọn wọ̀ ni pé àwọn ni ó ń mú kí a gba ojúlówó gbọ́.

Nígbà tí a kò gba ojúlówó gbọ́

Èyí ni ó mú wa dé ibi tí ewu náà ti pọ̀ jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Ali Bongo, Ààrẹ Gabon nígbà náà, ní ìlú Riyadh. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni àwọn ará ìlú rẹ̀ kò fi rí i, àlàyé tí ó sì ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá kò tó nǹkan. Nígbà tí ọdún 2019 wọlé, wọ́n gbé fídíò jáde nínú èyí tí ó ti ń kí àwọn ará ìlú kú ọdún tuntun. Ojú rẹ̀ le, kò ṣẹ́jú bí ó ti yẹ, ara rẹ̀ kò sì yá. Àwọn kan ní ayédèrú ni, pé ẹ̀rọ ni ó ṣe é. Ní ọjọ́ keje oṣù kìíní, àwọn ọmọ ogun kan gba iléeṣẹ́ rédíò ìjọba ní Libreville láti dojú ìjọba bolẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọdún tuntun náà mú kí àwọn túbọ̀ ṣiyèméjì bóyá Ààrẹ lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbìyànjú náà já sí pàbó ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ fídíò náà wò lẹ́yìn náà kò rí ohun tí ó fi hàn pé ayédèrú ni.

Ojú tí ó le, ìpéǹpéjú tí kò ṣẹ́: àwọn àmì tí a ti kọ́ ojú láti máa fura sí nìyí. Ojú ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì yá ni àwọn ènìyàn wò tí wọ́n ní ojú ẹ̀rọ ni. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ó dáàbò bò wọ́n ni ó ṣì wọ́n lọ́nà. A kò sì gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tí wọ́n ṣiyèméjì. Ìdákẹ́jẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó ti ba fídíò náà jẹ́ kí wọ́n tó yà á. Kò sí ẹni tí ará ìlú fọkàn tán tí ó jáde wá sọ pé, mo wà níbẹ̀, mo rí i, báyìí ni ara rẹ̀ ṣe rí.

Ẹ̀rí àti ẹlẹ́rìí

Ẹ jẹ́ kí a wá yíjú sí èdè. Yorùbá kì í da 'ó jọ' àti 'ó jẹ́' pọ̀. Ẹni tí ó bá ní 'ó jọ kìnnìún' ti sọ fún wa pé òun mọ̀ pé nǹkan méjì ni òun ń fi wé ara wọn. Ẹni tí ó ní 'kìnnìún ni' ti gbé ẹ̀jẹ́ kan ka ara rẹ̀ lórí. Ìyanu àwòrán kọ̀ǹpútà wà nínú 'ó jọ', kò sì sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ibi tí a bá ti sọ 'ó jọ' di 'òun ni' láìsí ẹni tí yóò dúró tì í ni èké ti wọlé.

Bákan náà, ó ṣòro láti má gbọ́ 'rí' nínú 'ẹ̀rí'. Ẹni tí ó bá ni ẹ̀rí ni ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé ẹ̀rí lè dá dúró bí òkúta tí a hú nínú ilẹ̀. Ó ní olówó, gẹ́gẹ́ bí ilé ṣe ní onílé. Ẹlẹ́rìí ní orúkọ, a lè bi í ní ibi tí ó dúró sí, a lè bi í bóyá oòrùn wà lójú rẹ̀, a lè bi ẹlòmíràn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Bí ó bá purọ́, ìtìjú wà fún un. Àwòrán kò ní ìtìjú. Ojú olójú kò sì jọ ojú ẹni: fídíò tí a kò bá olówó rẹ̀ pàdé, ojú olójú ni, bí ó ti wù kí ó mọ́ kedere tó.

Kí ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé oòrùn tí ó ṣí The Lion King jẹ́ ojúlówó? Kì í ṣe pé a wò ó dáadáa. Favreau ni ó sọ fún wa, a sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ nítorí pé òun ni ó wà nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ̀rí ẹnu ni ó gba ẹ̀rí ojú là. Ìmọ̀ yìí kan náà ni ó wà nídìí C2PA, àjọ tí Adobe, Microsoft, BBC àti àwọn mìíràn dá sílẹ̀ ní ọdún 2021 kí àwòrán lè máa gbé ìtàn ara rẹ̀ rìn: irú kámẹ́rà tí ó yà á, ìgbà tí a yà á, ohun tí a tún ṣe sí i. Ètò yìí dára, ṣùgbọ́n a lè ya ìtàn náà kúrò lára àwòrán, àwòrán tí kò ní in kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ di irọ́. Kò lè gba ipò ẹlẹ́rìí. Ó kàn lè tọ́ka sí ibi tí a ó ti wá a lọ ni.

Àgbálọgbábọ̀

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ó kan àwa tí a ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ gidigidi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń rí fídíò ju bí wọ́n ṣe ń ka ìwé lọ. Bí a bá kọ́ wọn láti máa ka ìka ọwọ́ àti láti máa wo ìpéǹpéjú nìkan, a ó sọ wọ́n di ẹni tí ń fura sí ohun gbogbo. Ẹni tí ń fura sí ohun gbogbo sì rọrùn láti tàn jẹ bí ẹni tí ń gba ohun gbogbo gbọ́. Iṣẹ́ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó yẹ kí a gbé fún wọn. Nígbà tí a bá gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, a máa ń kọ orúkọ apìtàn, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. A máa ń bèèrè ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, a sì máa ń wá apìtàn kejì. Ta ni ó ya fídíò yìí? Níbo ni ó dúró sí? Ta ni ó tún wà níbẹ̀? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò nílò kọ̀ǹpútà, àtúnṣe ọdún tó ń bọ̀ kò sì ní sọ wọ́n di aláìwúlò.

Àǹfààní wọn kò mọ sí pé a kò ní gba ayédèrú. Ẹnì kan wà níbì kan tí ó fi fóònù rẹ̀ ya ohun tí wọ́n ṣe sí àdúgbò rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí ẹni tí ó ṣe ibi náà bá ní kọ̀ǹpútà ni ó ṣe fídíò rẹ̀, ojú wa kò ní lè gbà á sílẹ̀. Àfi kí a wá a lọ, kí a bi í ní ìbéèrè, kí a sì gbọ́ ohun tí ó rí lẹ́nu rẹ̀.